Iyán Nírọ̀lẹ́, Súyà Lálẹ́: Bí Olólùfẹ́ Méjì Ṣe Lè Jẹun Káàkiri Adó-Èkìtì

Ìgboro Adó-Èkìtì kò fẹ̀ bíi ti Ìbàdàn, ìyẹn ló mú kó rọrùn fún olólùfẹ́ méjì láti fẹsẹ̀ rìn láti ìdí oúnjẹ kan dé ìdí òmíràn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tó sábà máa ń da irú ìjáde bẹ́ẹ̀ rú kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe àìmọ ibi tó dára. Aago ni. Gbogbo oúnjẹ tó wà nílùú yìí ló ní wákàtí tirẹ̀. Iyán tó gbóná kì í dúró de alẹ́. Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Onísúyà kò tíì dáná nígbà tí oòrùn ṣì ń mú. Ẹni tó bá mú olólùfẹ́ rẹ̀ jáde ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó ní iyán gidi làwọn fẹ́ kọ́kọ́ jẹ, ìsàlẹ̀ kúlà ló máa bá, owó iyán gbígbóná náà ni yóò sì san.

Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò yín láti orí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí aago.

Àwọn àgbà ti tò ó sílẹ̀ fún wa: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ní Èkìtì, kò sẹ́ni tó ń bá gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn jiyàn. Ìjáde tí kò bá sí iyán nínú rẹ̀, èèyàn lè ṣe é ní ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n iyán wúwo. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yó bó ṣe máa ń jẹ ẹ́ nílé, oorun ló kàn, ẹsẹ̀ kò ní gbé e dé ìdí súyà. Gbogbo ọgbọ́n ìjáde yìí kò ju méjì lọ: kí ẹ tètè jẹ iyán, kí ẹ sì jẹ ìdajì ohun tẹ́ ẹ lè jẹ.

Bí aago ṣe máa lọ

Lọ́jọ́ náà, oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ, kó sì jẹ́ ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ẹ̀kọ àti àkàrà tó. Ẹ fo ọ̀sán. Bí ebi bá ń pa yín ní aago méjì, ẹ jẹ ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, kẹ́ ẹ má ṣe fọwọ́ kan búrẹ́dì.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni ìjókòó iyán. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà, ẹ lọ sí ìdí ẹmu. Láti ibẹ̀, ẹ rìn gbẹ̀fẹ́ káàkiri àdúgbò náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ni ilẹ̀ máa ń ṣú lọ́dọ̀ wa, ó kàn ń yàtọ̀ díẹ̀ láti oṣù dé oṣù, nítorí náà ìrìn yẹn ló máa gbé yín kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bọ́ sínú alẹ́. Aago méje ààbọ̀, súyà tàbí àsun. Aago mẹ́jọ ààbọ̀, ẹja àrọ̀, bí ikùn bá ṣì gbà á. Aago mẹ́wàá, ilé.

Ibi mẹ́rin nìyẹn. A kì í kọjá mẹ́rin. Àwọn tó bá kọ ibi méje sínú ìwé, ibi kẹta ni wọ́n ti ń wo aago, bí wọ́n bá sì ti ń wo aago, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti tán níbẹ̀.

Yíyan àdúgbò

Apá kan ṣoṣo nílùú ni kẹ́ ẹ mú. Ẹni tó bá ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́, kó mú agbègbè Fájùyì, Òkèṣà àti Adébáyọ̀: ojú títì wà níbẹ̀, iná wà, ọkọ̀ kì í wọ́n lálẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lọ́nà Ìwòròkò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, lè ṣe tiwọn níbẹ̀ láìwọ ìgboro rárá. Owó tí wọ́n máa ná á kéré, ariwo á sì pọ̀. Ohun tí kò dára ni pé kẹ́ ẹ jẹ iyán ní apá kan, kẹ́ ẹ wọkọ̀ lọ mu ẹmu ní apá kejì, kẹ́ ẹ tún padà wá jẹ súyà níbi tẹ́ ẹ ti kúrò. Inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni ìdajì ìrọ̀lẹ́ yín máa parí sí.

Kí ibi kan má jìn sí ibi kejì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ rántí pé ìlú olókè ni Adó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn iyán. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé orí òkè lẹ ti máa jẹ iyán, kó wá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ lẹ ń sọ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí obìnrin wọ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, nítorí epo pupa kì í bọ́ lára aṣọ funfun.

Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí ẹni tó ń ṣètò gba ibẹ̀ kọjá ní wákàtí kan náà gan-an tí ẹ máa lọ. Wíwò lọ́sàn-án kò lè sọ fún yín bí ibẹ̀ ṣe máa rí lálẹ́. Kó wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ orin wà, kó lè mọ tábìlì tó jìnnà sí wọn. Kó béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó sì yọjú sí i fúnra rẹ̀. Kó béèrè ìgbà tí wọ́n ń gún iyán àti ìgbà tó ń tán. Kó gba nọ́ńbà fóònù ìyá oníyán àti ti ẹlẹ́ja. Ìwádìí tí kò tó wákàtí kan yìí ló ń gba ìrọ̀lẹ́ là.

Nípa ọjọ́: Ọjọ́bọ̀ dára jù. Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta máa ń kún, àpèjẹ sì máa ń gbé àwọn olóúnjẹ kan kúrò ní ìdí ìsò wọn. Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ bùkà kì í ṣí. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú tí bọ́ọ̀lù Champions League bá wà, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ni yóò kún fún ariwo, ẹ ò sì ní gbọ́ ara yín. Ẹ wo ètò bọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́.

Iyán

Ibí ni ká fara balẹ̀ sí, nítorí bó bá bàjẹ́, kò sí súyà tó lè tún un ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìgbà ọdún. Nígbà tí iṣu tuntun bá jáde, láti oṣù Keje sí Kẹjọ, gbogbo èèyàn ló máa ń sáré sí i. Ṣùgbọ́n omi pọ̀ nínú rẹ̀. Iyán rẹ̀ máa ń rọ̀ jù, kì í fà dáadáa, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Nígbà tó bá fi di oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, iṣu ti gbẹ, ó ti dùn sí i, ìgbà yẹn ni iyán Èkìtì máa ń dára jù lọ. Ní oṣù Kẹrin sí Kẹfà, iṣu àtijọ́ ti ń wọ́n, àsìkò yẹn ni kẹ́ ẹ la ojú yín dáadáa, nítorí àwọn bùkà kan lè máa fi iyẹ̀fun pọndó lú u. Iṣu funfun ni a ń fi gún iyán. Ewùrà kò ṣeé gún bẹ́ẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ àti òjòjò ló wà fún.

Bí a ṣe ń mọ iyán tí wọ́n gún lódó: ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ ìró ọmọ odó láti ẹ̀yìn ilé ní wákàtí tí wọ́n ní àwọn ń gún un, ẹ béèrè. Ẹ wo ojú rẹ̀: iyán odó lè ní kókó kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta tí ọmọ odó kò bá, ó máa ń fà bí ẹ bá já òkèlè, ó sì máa ń gbóòórùn iṣu. Ti iyẹ̀fun máa ń dán láìní kókó kankan, ó máa ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, bó bá sì tutù díẹ̀, ó máa ń gan.

Iyán tó ti pẹ́ nínú kúlà náà ní àmì tirẹ̀. Oru tó gbé sínú ọ̀rá máa ń di omi, omi náà á sì padà sórí iyán, ara rẹ̀ á máa yọ̀. Bó bá pẹ́ jù, ó máa ń kan díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dára kẹ́ ẹ pe ìyá oníyán ní fóònù ní aago mẹ́ta: “Ẹ káàsán mà. Èèyàn méjì ni wá, a ó dé ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ṣé ẹ máa gún òmíràn nírọ̀lẹ́?” Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kó má fi ọ̀rá wé tiyín, kó gbé e sínú abọ́ kó sì dé e. Ọ̀pọ̀ wọn máa ṣe é láìjanpata, bẹ́ ẹ bá ti kí wọn dáadáa. Àìkíni ló ń bí wọn nínú. Ẹni tó bá wọlé tó kàn na ọwọ́ sí ìkòkò ọbẹ̀ láìsọ pé “Ẹ kúuṣẹ́ mà”, kó má retí èènì.

Ìwọ̀n: ẹyọ méjì ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń jẹ yó. Lọ́jọ́ yìí, ẹ ra ẹyọ méjì péré fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ gbà á sínú àwo kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ gba ọbẹ̀ sínú abọ́ kan. Jíjẹun nínú abọ́ kan náà máa ń sún olólùfẹ́ mọ́ ara wọn ju kí oníkálùkù kọjú sí àwo tirẹ̀ lọ, ó sì tún ń dín ohun tẹ́ ẹ máa jẹ kù. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ṣáájú, kì í ṣe omi lásán. Ẹran ni a ń pín gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ẹran láàárín abọ́, ẹnì kejì ti kọ nǹkan kan sílẹ̀ nípa rẹ̀ lọ́kàn.

Ọbẹ̀ wo? Ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ sè ló bá ìjáde mu jù. Ó ki, kì í kán, òkèlè kan á sì gbé e dáadáa. Ilá àti ewédú dùn, àwa náà fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń fà títí dé orí aṣọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ máa nu àgbọ̀n níwájú ẹni tí kò tíì mọ̀ tán. Bẹ́ ẹ bá ti fẹ́ ara yín pẹ́, ẹ jẹ ilá yín. Ẹ̀fọ́ rírò náà dára bí epo rẹ̀ kò bá léfòó jù.

Nípa ẹran, ẹyọ méjì sí mẹ́ta tó. Ẹ da pọ̀nmọ́ tàbí ṣàkì mọ́ ẹran gidi kan. Bí wọ́n bá ní ẹran ìgbẹ́ wà, ẹ béèrè irú ẹran tó jẹ́. Òyà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá. Òyà yíyan máa ń ní awọ, òórùn èéfín sì máa ń wà lára rẹ̀ dé inú. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kó tó wọ inú abọ́ yín, nítorí ẹyọ òyà kan lè gba owó tó ju ti iyán àti ọbẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó ń mú ojú ènìyàn pọ́n bíi kí owó tú u fó níwájú olólùfẹ́ rẹ̀.

Ẹ má mu omi púpọ̀ lé e. Ife omi kan tó. Omi púpọ̀ lórí iyán ni ó ń mú kí ikùn wú.

Ẹmu

Adẹ́mu máa ń gun ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nìyẹn kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹmu kò dúró rí. Láti orí igi ló ti ń hó, nítorí ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú akèrègbè ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Láàárín wákàtí méjì, ọtí inú rẹ̀ lè dé ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan, ó ń lọ sí ọtí kíkan. Ẹmu àárọ̀ tẹ́ ẹ bá mu ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti le, ó ti mú ẹnu, ó sì lè gbé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mu ṣubú. Ẹ béèrè tààrà: “Bàbá, ti àárọ̀ ni àbí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀?” Ẹni tó ń ta ojúlówó kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀. Inú àkùrọ̀ ni igi ògùrọ̀ máa ń wà. Ẹ tọ́ méjèèjì wò díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ tó yan ọ̀kan. Ìyàtọ̀ wọn yóò fún yín ní ohun tí ẹ máa sọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kéré tán.

Wọ́n máa ń fi omi lú ẹmu, wọ́n á sì fi sákárínì dá adùn rẹ̀ padà. Bí ẹ ṣe lè mọ̀: ẹmu tí kò lábàwọ́n máa ń hó nínú ife, ìfófòó rẹ̀ kì í tètè lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń funfun bíi wàrà tí a bomi là. Èyí tí wọ́n lù máa ń mọ́ jù, ìfófòó rẹ̀ máa ń lọ kíá, adùn rẹ̀ á sì dúró sórí ahọ́n pẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbé e mì, pẹ̀lú ìkorò díẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn. Ẹ ní kí wọ́n fi asẹ́ sẹ́ ẹ, nítorí oyin àti kòkòrò máa ń kó sínú rẹ̀.

Ife kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tàbí lítà kan fún ẹ̀yin méjèèjì, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí iyán ni ẹmu yìí ń lọ, àwọn méjèèjì ló sì ń wú nínú ikùn. Bẹ́ ẹ bá ti mu ẹmu, ẹ má fi bíà lé e ní ìdí súyà. Ẹ̀dọ̀ kò ka orúkọ ọtí, iye rẹ̀ ló ń kà.

Ẹni tí kò bá mu ọtí, nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí pé kò wù ú, ẹ má ṣe fi dandan mú un, ẹ má sì ṣe é bíi pé ó ba ìrọ̀lẹ́ jẹ́. Sóbò tí wọ́n fi atalẹ̀ sí, omi àgbọn, tàbí mọ́ltì tútù máa wà nítòsí. Sóbò tí ẹ kò mọ ẹni tó ṣe é, ẹ wo bóyá ó wà nínú omi dídì gidi. Èyí tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀ ti ń hó, ó sì lè da inú rú.

Ìrìn

Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta yìí kì í ṣe àlàfo lásán. Òun ló ń jẹ́ kí iyán sọ̀ kalẹ̀, kí ẹmu sì kúrò lójú. Bẹ́ ẹ bá wà ní Fájùyì, ẹ gba iwájú ọgbà tí wọ́n fi rántí Ọ̀gágun Adékúnlé Fájùyì kọjá. Ọmọ Adó-Èkìtì ni, òun ni gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n pa á pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, tó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ lé àwọn tó wá mú un lọ́wọ́. Nílùú tí wọ́n ti ń sọ irú ìtàn yìí, bí ènìyàn ṣe ń ṣe àlejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ẹ lè bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, láti oṣù Karùn-ún sí Kẹjọ, ẹ máa rí àgbàdo sísun lójú ọ̀nà. Ẹ ra ẹyọ kan kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì. Àgbọn ni kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́. Ní ìgbà mìíràn, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ló máa wà. Kẹ́nu má dilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ.

Súyà tàbí àsun, kì í ṣe méjèèjì

Ọ̀dọ̀ màláàmù onísúyà, ẹ lọ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú tán. Kí ó tó di aago méje, ẹran kò tíì jinná dé inú, tàbí kó jẹ́ ti àná ló ń gbóná. Ẹran àná máa ń gbẹ, etí rẹ̀ máa ń ká, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń dúdú ju pupa lọ. Nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ọ̀pọ̀ wọn kì í dáná títí wọn yóò fi ṣínu tán, nítorí náà ẹ sún un síwájú díẹ̀.

Ẹ ní kó gé tózò díẹ̀ mọ́ ẹran lásán. Tózò ni iké màlúù. Ọ̀rá inú rẹ̀ ló ń mú kí súyà rọ̀. Ẹ sọ fún un pé kó tún fi sórí iná níwájú yín kó tó gé e, kó sì bu yájì, ìyẹn ata lílọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ súyà, sọ́tọ̀ sínú bébà. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó da yájì lé e lórí, ata ló máa pinnu iye tẹ́ ẹ lè jẹ. Ẹ ní kó fi bébà funfun wé e. Bébà ìwé ìròyìn máa ń fi tádà sára ọ̀rá ẹran. Àlùbọ́sà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tàbí kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì fi í sílẹ̀.

Àsun ní tirẹ̀, ẹran ewúrẹ́ ni, tí wọ́n sun tawọtawọ kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí i. Bí kò bá ní òórùn èéfín, ẹran tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sì dín ni wọ́n gbé fún yín. Ó lè gba ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n bí wọ́n bá ń ṣe òmíràn. Ẹ ní kí wọ́n dín egungun kù. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, kó mú súyà láìsí yájì, kó yẹra fún àsun pátápátá, nítorí ata rodo lórí ẹmu kì í ṣe ohun eré fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹja àrọ̀

Èyí ni ẹ lè yọ kúrò bí ikùn bá ti kún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ má dúró kẹ́ ẹ débẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ọbẹ̀ ata ẹja máa ń gba ìṣẹ́jú márùndínlógójì sí márùndínláàádọ́ta, yíyan sì máa ń gba nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ pè wọ́n láti ìdí súyà.

Ẹja tó wọn kílò kan láàyè tó fún èèyàn méjì tó ti jẹ nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá yọ ìfun rẹ̀, ìwọ̀n yẹn máa dín kù. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín yan ẹja tó ń wẹ̀ nínú agbada, kí ọ̀kan nínú yín lọ ṣáájú. Iye owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí, lórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n tó pa á. Bí wọ́n bá ti pa á, ẹ kò tún ní ẹnu láti nájà. Ẹ rí i pé wọ́n fi iyọ̀ tàbí omi gbígbóná fọ gbogbo ìyọ̀ ara rẹ̀ kúrò; èyí tí wọn kò fọ̀ dáadáa máa ń rùn bí ẹrẹ̀, bó ti wù kí ata pọ̀ tó.

Owó, òjò àti ọ̀nà ilé

Ẹ pín owó tẹ́ ẹ fẹ́ ná sí ọ̀nà mẹ́wàá. Mẹ́rin fún iyán àti ẹran, ọ̀kan fún ẹmu, méjì fún súyà tàbí àsun, ọ̀kan fún omi àti ohun mímu tútù, ọ̀kan fún ọkọ̀, kí ọ̀kan tó kù wà lápò. Ẹja kò sí nínú ìṣirò yìí. Owó rẹ̀ lè tó ti iyán àti ẹran lápapọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé tíránsífà nìkan, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dá dúró ní àkókò tí adẹ́mu ń dúró de owó rẹ̀. Ẹ gba owó lọ́wọ́ àwọn onípí-ó-ẹ́sì lọ́sàn-án, kó sì jẹ́ owó wẹ́wẹ́, torí ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń palẹ̀ mọ́ kílẹ̀ tó ṣú jù. Ẹ tún jọ sọ ẹni tó ń san owó kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kó má di ọ̀rọ̀ níwájú olóúnjẹ.

Òjò ló ń lé ènìyàn jù. Láàárín oṣù Kẹrin sí Kẹwàá, ẹ rí i pé ibi méjì nínú mẹ́rin yẹn ní òrùlé. Àgboòrùn kan ṣoṣo tó fún ẹ̀yin méjèèjì. Bí òjò bá dé nígbà tẹ́ ẹ wà ní ìdí iyán, ẹ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ ní kí ọmọ kan lọ bá yín gbé ẹmu wá. Ẹfọn máa ń pọ̀ níbi tí kò ní ògiri, ẹ wọ aṣọ tó bo apá.

Ẹni tó bá mu ọtí kò gbọdọ̀ wakọ̀, kò sì gbọdọ̀ gun ọ̀kadà lálẹ́ pẹ̀lú ẹni tó gbé ara lé e. Ẹ bá onítakisí kan tẹ́ ẹ mọ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pè é ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, kì í ṣe ní mẹ́wàá nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wá ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sin ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà jù.

Súyà tó bá kù, ẹ gbé e sínú fíríìjì lálẹ́ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sì mú un gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹmu tó bá kù nínú ike, ẹ má dé e pinpin. Ẹ dẹ ìdérí rẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò bẹ́ sínú ọkọ̀ onítakisí.